Ìyá mi fẹ́ da omi sí gbòǹgbò igi Búdà ní Bodh Gaya. Ṣé kò ní jẹ́ àfojúdi?

Àbúrò_Pune

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi kà á dópin.

Bàbá mi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Ní Pitru Paksha tó ń bọ̀ yìí, àkókò tí àwa Híńdù fi ń rántí òkú wa, èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyá wa ń lọ sí Gaya ní Íńdíà láti ṣe pinda, ọrẹ oúnjẹ tí a ń ṣe fún òkú, fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ṣe é ní Vishnupad, tẹ́ḿpìlì tí àmì ẹsẹ̀ ọlọ́run wa Vishnu wà lára òkúta níbẹ̀. Ìyẹn kò le. Ìyá wa ló ní òun ò ní kúrò ní Gaya láìdé Bodh Gaya, ibi tí Búdà ti rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, nígbà tó jẹ́ pé bíi kìlómítà 15 ló wà láàárín wọn. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti di ìgò omi kan láti odò mímọ́ Gángà sínú báàgì wọn. Wọ́n ní ìdí igi tí Búdà jókòó sí ni àwọn máa da á sí, kí ọkàn bàbá wa lè tutù.

Ọmọ ẹ̀yìn Vitthal, tí a gbà pé ó jẹ́ Vishnu, ni ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pandharpur, ìlú tẹ́ḿpìlì Vitthal, pẹ̀lú àwọn Varkari, àwọn olùsìn rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Lára ògiri tẹ́ḿpìlì kékeré àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ya àwọn avatar mẹ́wàá Vishnu, ìrísí tó gbé wọ̀ wá sáyé, sí, Vitthal ni wọ́n yà sí ipò kẹsàn-án, wọ́n sì kọ Buddha sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, lójú ìyá mi, ẹni wa ni Búdà, ilé ẹni wa ni wọ́n sì ń lọ. Ní ti igi, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń da omi sí ìdí igi pípal, irú igi tí Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀, tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ wa, tí wọ́n sì ń yí i po. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe igi kan náà ni? Ṣé ọlọ́run wa Krishna ò sọ nínú ìwé mímọ́ Gita pé nínú gbogbo igi, ashvattha, ìyẹn pípal, ni òun?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Nagpur, ẹlẹ́sìn Búdà. Àwa méjèèjì la jọ ń jẹun ọ̀sán láti ọdún mẹ́ta. Mo fi ayọ̀ sọ ìrìn àjò yìí fún un, mo ní, "Búdà yín, avatar kẹsàn-án tiwa ni, ọ̀kan náà ni wá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dé ìdérí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Ojú ń tì mí láti bi í.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí àwa Híńdù wọlé? Ṣé ìyá mi lè da omi yẹn? Pandit, àlùfáà tó ń bá wa ṣètò, sọ pé igi náà wà lára àwọn ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣe pinda láti ayébáyé, ṣé ká ṣe é níbẹ̀? Ẹni ọdún 71 ni ìyá mi, orúnkún ń dùn wọ́n.

Tíṣà_Kashi

Ọmọ mi, ẹ kú arafẹ́rakù. Ẹ̀yìn bàbá á dára.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ ní Varanasi, ìtàn ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọlọ́run wa Shiva ni mò ń sìn, bí bàbá mi ṣe sìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé Bodh Gaya, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, lọ́dún 2011, ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí ohun tí ìyá rẹ fẹ́ ṣe gan-an ni mo bá lọ.

Ká kọ́kọ́ mú ti ẹnu ọ̀nà kúrò. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe. Wọ́n á yẹ ara yín àti ẹrù yín wò dáadáa nítorí bọ́ǹbù tó bú níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013, àtìgbà náà ni wọn ò sì ti jẹ́ kí fóònù wọ ọgbà tẹ́ḿpìlì mọ́. Ẹ ó fi í pamọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó bọ́ bàtà. Àgbàlá Mahabodhi, tẹ́ḿpìlì tó wà níbi igi náà, jìn ju ojú ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti bò ó kí awalẹ̀pìtàn Alexander Cunningham àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó hú u jáde ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1884. Nítorí náà, àtẹ̀gùn lẹ máa sọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọra fún orúnkún ìyá rẹ. Ìyókù, òkúta pẹrẹsẹ ni. Bí oòrùn bá ti ràn sí i, ó máa ń jó ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀.

Igi tí ẹ máa bá níbẹ̀ kọ́ ni ojú Búdà rí. Èyí tó wà níbẹ̀ ṣáájú wó lọ́dún 1876, wọ́n sì gbin èyí lọ́dún 1881. Ìran igi náà ni. Ọmọbìnrin ọba Ashoka, Sanghamitta, ti mú ẹ̀ka kan lọ sí Sri Lanka ní bíi 2,250 ọdún sẹ́yìn, ìyẹn ṣì wà ní Anuradhapura. Wọ́n fi ọgbà òkúta yí igi Bodh Gaya ká, àárín ọgbà náà ni Vajrasana wà, òkúta pẹlẹbẹ tí Ashoka tẹ́ síbi tí Búdà jókòó. Àwọn onímọ̀ nípa igi láti Dehradun ló máa ń wá yẹ ara igi yẹn wò bí ẹni ń wo aláìsàn. Ìgò omi ìyá rẹ kò lè dé gbòǹgbò.

Èmi náà ò mọ̀ lọ́dún yẹn. Ìyàwó mi ti kú láti oṣù mẹ́jọ. Mo bu omi Gángà sínú lota rẹ̀, ìkòkò omi kékeré onídẹ, ní Assi Ghat létí odò, mo fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, mo gbé e sórí itan mi nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé Gaya. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà igi náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Ẹ̀ṣọ́ kan wá bá mi, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní, "Bàbá, rárá o." Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti lota lọ́wọ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e lọ.

Àwọn ará Tibet wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, tí wọ́n fi aṣọ sábẹ́ ọwọ́ kí ó lè máa yọ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀. Ìró ọwọ́ wọn lórí pákó ni mò ń gbọ́ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìdílé kan láti Sri Lanka, àwọn bíi mọ́kànlá, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n jókòó níwájú mọ́ńkì kan, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà. Ìyá àgbà kan mú ìgò omi kékeré, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó tẹ̀lé e fọwọ́ kan ìyẹn, títí kan ọmọdé tó wà lẹ́yìn pátápátá. Mọ́ńkì ń ka ọ̀rọ̀, ìyá àgbà ń da omi náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú ife kan tó wà nínú abọ́, títí ife fi kún tí ó sì ń ṣàn sílẹ̀ sínú abọ́.

Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ohun tí a ń ṣe létí odò fún òkú wa ni mo ń wò yẹn!

Nígbà tí wọ́n parí, mo lọ bi mọ́ńkì náà. Ó ní bàbá wọn ló kú, oore tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó sọ ìtàn Bimbisara, ọba Rajgir, fún mi. Ó ní ọba náà ṣe ọrẹ fún Búdà, ṣùgbọ́n kò rántí dá àwọn ará rẹ̀ tó ti kú mọ́ ọrẹ náà, ni àwọn òkú bá ń ké yí ààfin rẹ̀ ká lóru. Mo wá fi lota mi hàn án, mo ní ṣé èmi náà lè da tèmi. Kò ní kí n dà á, kò sì ní kí n má dà á. Ó bi mí pé, "Oore wo lẹ ṣe tí ẹ fẹ́ fún wọn?"

Mi ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ wá. Mo rò pé omi ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Mo sùn sí Bodh Gaya lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lówùúrọ̀, mo sọdá odò lọ sí Bakraur, abúlé Sujata, ọmọbìnrin tó fún Búdà ní ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà sè nígbà tí ebi ti sọ ọ́ di egungun. Mo ra ìwé fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan níbẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n, mo kọ́ wọn ní ìṣirò títí di ọ̀sán, nítorí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo padà, mọ́ńkì náà mú mi lọ síbi igi kan létí ọgbà, níbi tí ìdílé yẹn ti da omi abọ́ wọn sí. Ibẹ̀ ni mo da ti ìyàwó mi sí. Igi kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò ń yà ní fọ́tò ni.

Nítorí náà, ìyá rẹ lè mú omi rẹ̀ wá. Kí wọ́n má wulẹ̀ dojú kọ igi ńlá náà.

Ní ti pinda, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é lágbàlá Mahabodhi. Pandit yín ò purọ́: igi náà wà lára àwọn ibi pinda láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ará wa ló sì ń ṣe é níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ibi pinda bíi Dharmaranya àti Matangwapi wà nítòsí Bodh Gaya, tiwa ni wọ́n. Ní Gaya gan-an, Akshayavat wà, igi báńyánì tó jẹ́rìí òtítọ́ fún Sita, ìyàwó Rama nínú ìtàn wa, nígbà tí odò Phalgu purọ́ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí bàbá rẹ máa pàdánù.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Nínú iyàrá inú tẹ́ḿpìlì, níwájú ère Búdà aláwọ̀ wúrà tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀, linga Shiva kan, òkúta tó dúró fún Shiva, wà nílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, inú mi dùn débi pé mo wólẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ka ìtàn rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí tíṣà kà á. Àwọn mahant, olórí ilé ìsìn tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Shiva, ló ni àkóso ibẹ̀ fún bíi ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Lọ́dún 1891, ẹlẹ́sìn Búdà kan, Anagarika Dharmapala, dé láti Sri Lanka, ó rí ipò tí ibi mímọ́ wọn wà, ó dá Maha Bodhi Society sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Òfin ọdún 1949 ló wá yan ìgbìmọ̀ kan: ẹlẹ́sìn Búdà mẹ́rin, Híńdù mẹ́rin, aláṣẹ àgbègbè Gaya sì ni alága. Ẹjọ́ yẹn ò tíì parí lọ́kàn wọn. Ẹni tó bá wọ inú ilé tí wọ́n ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́, tó sì ní "tiwa náà ni," ó ti gba ẹ̀gbẹ́ kan láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ avatar tí o sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ, wo ó dáadáa. Akéwì Jayadeva yìn ín nínú orin rẹ̀ pé Vishnu di Búdà nítorí àánú àwọn ẹran tí a ń pa rúbọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú Vishnu Purana, ìwé mímọ́ wa kan, ẹni tó wá kọ́ àwọn asura, ọ̀tá àwọn ọlọ́run, ní ẹ̀kọ́ èké kí wọ́n lè ṣìnà ni. Ẹni tó mọ ìyẹn, tí a wá sọ fún un pé "avatar wa ni," kí ló máa gbọ́?

Ọmọ_Nagpur

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo ti fẹ́ fi ìbínú dáhùn kí n tó ka tiyín.

Arábìnrin mi, ẹ kú arafẹ́rakù bàbá. Mi ò mọ ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tó ṣeé ṣe kó gbọ́.

Ìyá àgbà mi jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti abúlé wọn pẹ̀lú bàbá wọn, ọjọ́ méjì gbáko, wá sí Nagpur, níbi tí Babasaheb Ambedkar, aṣáájú àwa tí wọ́n ń kà sí aláìmọ́ láwùjọ Híńdù, ti gba ẹ̀sìn Búdà tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ́ 22 ni wọ́n jẹ́. Ẹ̀jẹ́ karùn-ún sọ pé àwọn ò gbà pé Búdà jẹ́ avatar Vishnu. Ẹ̀kẹfà sọ pé àwọn ò ní ṣe shraddha, ètò ìsìn fún òkú, àwọn ò sì ní fi pinda sílẹ̀ fún òkú. Ìyá àgbà mi ò mọ̀wé kà nígbà náà, àmọ́ wọ́n lè ka ẹ̀jẹ́ méjèèjì lórí láìṣìnà títí wọ́n fi kú. Kànga abúlé wọn, àwọn tó ka ìdílé wọn sí aláìmọ́ ò gbà kí wọ́n fa omi níbẹ̀. Wọn ò gbà kí wọ́n wọ tẹ́ḿpìlì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde ni Búdà jẹ́ fún wọn. Tí ẹnì kan bá wá fi ẹ̀rín sọ pé "ti àwa náà ni, ọ̀kan náà ni wá," ó dà bí ẹni pé ó ń tì wọ́n padà sínú ilé tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọjọ́ méjì jáde kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn. Ọ̀rẹ́ yín náà mọ̀ ọ́n, òun ló jẹ́ kó dákẹ́.

Ẹ mú ìyá yín wá o. Bẹ́ẹ̀ ni. Àkọlé wà ní Vishnupad pé ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò gbọdọ̀ wọlé. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ò sí ní Mahabodhi, mo sì ń gbàdúrà kó má sí láéláé. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn mọ́ńkì bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn pé kí wọ́n fa òfin 1949 yẹn ya, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé ìyá yín jáde. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàkóso ni a ń sọ, ẹni tó ń tẹrí ba kọ́.

Mo mú ìyá àgbà mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kú. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ère, wọn ò tọrọ nǹkan kan. Wọ́n kan sọ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé àwọn sá di Búdà, àwọn sá di Dhamma, ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn sá di Sangha, ìjọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí tẹ́ḿpìlì po tí ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lápá ibẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì sinmi. Ìyá yín lè mú òdòdó wá, wọ́n ń ta lótù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n lè mú èso wá. Kí wọ́n má fọ́ àgbọn o. Kí wọ́n má so òwú mọ́ ohunkóhun, kí wọ́n má já ewé, èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni a ń ṣà. Tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ Vitthal nínú ọkàn wọn, ta ló máa gbọ́?

Ará_Gaya

Èmi ò ní ọ̀rọ̀ ńlá tó ti àwọn bàbá wọ̀nyí. Ìlú wa ni Gaya, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Pitru Paksha, èrò á pọ̀ ní Vishnupad kọjá ohun tí ẹ lè rò. Kí ẹ̀gbọ́n yín di ọwọ́ ìyá yín mú. Ẹ wá Gayawal, àlùfáà ìlú Gaya, tó ni ìwé ìdílé yín, nítorí wọ́n máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá láti abúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹ mọ orúkọ abúlé bàbá bàbá yín kí ẹ tó kúrò nílé, Pune nìkan ò tó. Láti ọdún 2022 tí wọ́n ti fi rọ́bà dí odò Phalgu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vishnupad, omi wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú yanrìn la ti ń gbẹ́ ẹ.

Bodh Gaya, ẹ lọ ní ìdájí, aago 5 ni wọ́n ń ṣí i. Ooru ṣì wà lásìkò yẹn, òjò náà lè rọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè ò tíì dé. Láti oṣù kọkànlá ni tiwọn. Ẹ̀yin ò ní fún ara yín pa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ewé igi náà fún yín lójú ọ̀nà, ẹ má dá a lóhùn. Ère Búdà ńlá tí Dalai Lama ṣí lọ́dún 1989 dára láti rí bí orúnkún bá gbà, bí kò bá gbà, ẹ fò ó.

Ẹ ó rí odò kan níbẹ̀, Niranjana, àwa ń pè é ní Lilajan. Odò tí Búdà wẹ̀ ni. Kò jìnnà sí Bodh Gaya tó fi pàdé Mohana, àwọn méjèèjì ló di Phalgu tó ń kọjá ní Vishnupad. Mo dàgbà létí rẹ̀. Omi tí ẹ̀gbọ́n yín máa fi ṣe pinda, ẹ̀yìn tó bá ti kọjá lọ́dọ̀ Búdà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Àbúrò_Pune

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a sì ti dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ èyí.

Ní Vishnupad, Gayawal wa ṣí ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti jẹ. Orúkọ bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ọdún 1958, pẹ̀lú ìtẹ̀ka wọn. Mi ò mọ̀ pé wọn ò lè kọ orúkọ wọn. Bàbá mi ò sọ ọ́ fún wa rí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ bàbá wa sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

A dé Bodh Gaya ní ìdájí ọjọ́ kejì. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi nínú ọkọ̀ ojú irin, pàápàá ti Ọmọ_Nagpur. Wọ́n ní kí n tún ibi ìyá àgbà yẹn kà. Lẹ́yìn náà wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi kọjá ibùdókọ̀ méjì. Wọ́n wá ní, "A ò ní ṣe pinda níbẹ̀." Pandit wa kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń sanwó rẹ̀.

Wọ́n sọ àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ọwọ́ lórí èjìká mi. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà igi náà pẹ̀lú ìgò wọn lórí itan. Mọ́ńkì kan tó ń kọjá gbọ́ èdè wa, ó dúró. Ará Amravati ni! Òun àti ìyá mi sọ̀rọ̀ ọsàn àti òjò fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ó ti mọra wọn tipẹ́. Ìyá mi sọ fún un pé àwọn máa ń rìn lọ sí Pandharpur, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ máa bàjẹ́. Ó ní ìyá àgbà tòun náà máa ń rìn in, kó tó di ọdún 1956. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá mi ò béèrè ìdí tí wọ́n fi dẹ́kun. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá bi í léèrè ohun tí Bàbá Tíṣà kọ: wọ́n ní àwọn ò ní owó púpọ̀, orúnkún ò jẹ́ kí àwọn lè ṣiṣẹ́ oore kankan lọ́jọ́ náà, ṣé oore àtijọ́ kà? Ó ní ó kà. Ó ní kí wọ́n rántí ọ̀kan dáadáa, kí inú wọn dùn sí i, kí wọ́n sì fún bàbá. Ìyá mi pa ojú dé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n ní ó ti tó, a sì lọ da omi náà sí ìdí igi kan létí ọgbà. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà pé oore wo ni wọ́n rántí. Wọn ò sọ fún mi, wọ́n ní ti bàbá mi ni báyìí.

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ará_Gaya, a yà létí Lilajan, ìyá mi bu omi rẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó ti ṣófo, wọ́n sì gbé e wá sílé.

Ọmọ_Nagpur, ó ku ìbéèrè kan. Ọjọ́ Ajé ni mo máa padà síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Tí mo bá fẹ́ kí i, ṣé èmi tí mo jẹ́ Híńdù lè sọ "Jai Bhim", ìkíni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ambedkar, fún un, àbí ìyẹn náà á dà bí ẹni pé mo tún ń gba nǹkan wọn?

Ọmọ_Nagpur

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kí i bẹ́ẹ̀. Á dá yín lóhùn.